Nígbà tí Clem Tebbutt Bá Ṣetán

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bọ̀dá Clem Tebbutt jẹ́, ẹ bi Àǹtí Mavis ìyàwó rẹ̀ léèrè iye ọdún tí ó fi ń bẹ̀ wọ́n wò nílé kí ó tó dẹnu kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni. Ní ọdún kẹfà, bàbá Mavis pè é jókòó nídìí iná, ó ní, "Clement, ṣé ọmọ mi lò ń fẹ́ ni, àbí tíì ìyá rẹ̀ lò ń wá mu?" Bọ̀dá Clem gbé ife kalẹ̀, ó ronú títí tíì náà fi tutù, ó ní, "Méjèèjì ni, sà. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yẹn, màá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ṣetán." Ó tún lo ọdún mẹ́ta sí i. Àǹtí Mavis a máa sọ pé òun ì bá ti fẹ́ oníbúrẹ́dì tó ń wò òun nígbà náà, àmọ́ òun fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa parí sí.

Ògiri kan ló là wá láàárín ní ìlú Rushden, ilé-iṣẹ́ bàtà kan náà la sì jọ ń lọ. Èmi wà nísàlẹ̀ níbi tí àwa obìnrin ti ń rán awọ, òun wà lókè níbi tí wọ́n ti ń gé e. Kí Bọ̀dá Clem tó fi ọ̀bẹ kan awọ, á kọ́kọ́ gbé e sójú fèrèsé, á fi àtàǹpàkò wá gbogbo ibi tí ẹ̀gún ti ya màlúù náà nígbà tó wà láyé. Ọ̀gá ibẹ̀ á wá pariwo mọ́ ọn: "Tebbutt! Màlúù yẹn ti kú o, kò ní bá ọ sọ nǹkan kan!" Òun á dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ó ń sọ̀rọ̀, pẹ́pẹ́yẹ mi. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́." Pẹ́pẹ́yẹ la máa ń pe ara wa lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin pe ọkùnrin, ọmọdé pe àgbà, kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé n kò rí awọ kan kí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń sáré nínú ayé ọkùnrin yìí, òun náà ni alùpùpù tó wà nínú ahéré pákó lẹ́yìnkùlé wọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ló de ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan mọ́, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òfuurufú ogun. Nígbà ogun, iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni láti máa fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn awakọ̀ lókè réré kí èémí má baà tán lára wọn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó wọn jọ bí òkìtì ìdọ̀tí, Bọ̀dá Clem sì mú ọ̀kan wálé, ó ní kí ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tipátipá sínú ẹ́ńjìnnì òun. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa súfèé bí omi tó fẹ́ hó. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pe alùpùpù náà ní Kẹ́tùlù. Kì í mu bẹntiróòlù bíi ti ẹlòmíràn, ọtí líle kan tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn ló ń mu, epo lárà sì ni wọ́n ń fi sí i kí inú rẹ̀ máa yọ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ òórùn epo lárà, wọ́n á rántí ìgbà tí ìyá wọn fi fọ inú fún wọn. Èmi ní tèmi, ọjọ́ Àìkú tí a máa ń lọ wo eré alùpùpù ni mò ń rántí.

Kẹ́tùlù kò ní ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó tàn. Títì ni wọ́n ń tì í. Àǹtí Mavis ló sì ń tì í, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Á bọ́ kóòtù rẹ̀, á gbé báàgì rẹ̀ fún mi, á tẹ̀ba, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ rẹ̀, á sì máa sáré tàgétàgé tòun ti sítọ́kìnnì. Obìnrin tó sanra ni, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n ní ogún ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ọkùnrin tó lè bá a.

Ìlànà eré ìgbà náà rọrùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ àti aago ni. O máa gbé táyà iwájú sí ìdí ìlà, aago kò sì ní ka nǹkan kan àfi ìgbà tí táyà bá kúrò níbẹ̀. O lè gba àdúrà níbẹ̀, o lè nu awò ojú rẹ, kò kan ẹnì kankan. Ẹni tó ń darí eré á kàn sọ fún ọ pé, "Ọ̀nà mọ́. Máa lọ nígbà tí o bá ṣetán." Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí sọ fún Clem Tebbutt! Bí ẹni pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá eré náà sílẹ̀. Á jókòó sórí Kẹ́tùlù, á dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa tẹ́tí. Ó ní Kẹ́tùlù gbọ́dọ̀ húkọ́ tán ná. Súfèé rẹ̀ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, á máa já, á máa so, títí á fi dúró lójú kan. Ìgbà yẹn ló máa lọ, fìà! Àwa tó wá wò ó a máa ń lo àkókò yẹn láti da tíì láti inú fúláàsì.

Nígbà tó yá, àṣà mìíràn wọlé dé láti Amẹ́ríkà. Méjì ni wọ́n ń sá báyìí, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìdámẹ́rin máìlì. Wọ́n ri ọ̀pó iná kan sí àárín. Iná ìyeyè á tàn láti òkè wá sísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ti aláwọ̀ ewé bá tàn, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Bí o bá lọ ṣáájú ewé, pupa á tàn lọ́nà tìrẹ, o ti pòfo.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1964, ìròyìn dé pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó ẹ̀rọ wọn bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pé wọ́n máa wá sá a lójú wa lóṣù tó tẹ̀lé e. Alùpùpù méjì ni ẹgbẹ́ eléré alùpùpù wa máa fi pàdé wọn. Wọ́n ti mọ ọ̀kan. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Clem àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ Roy Pettifer sá ti ìkejì láàárín ara wọn ní pápá Thurlow, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló máa lọ.

Láti òdìkejì ọgbà ni Àǹtí Mavis ti sọ fún mi, aṣọ tó fẹ́ sá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Beryl, o ò ní gbà gbọ́. Clem ní òun fẹ́ nǹkan kan."

"Kí ni Bọ̀dá fẹ́?"

"Ó fẹ́ dúró nídìí ìlà pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó ní òun ò fẹ́ yọ ọrùn láti ẹ̀yìn okùn tí wọ́n fi ń dá èrò dúró, bí ẹni tó ń wo òkú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, n ò gbọ́ 'mo fẹ́' lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

"Kí ló fẹ́ nígbà yẹn?"

"Èmi ni, ìwọ pẹ́pẹ́yẹ burúkú yìí!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Bọ̀dá Clem. Ìgbà méjì ni wọ́n ti pààrọ̀ awò rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá lọ lọ́dún yìí, òun kò ní lọ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ni Thurlow, àgùntàn ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé fìlà lórí ènìyàn. Inú ọkọ̀ oníbúrẹ́dì la fi gbé Kẹ́tùlù wá, oníbúrẹ́dì yẹn gan-an, ọkùnrin tí kì í di ènìyàn sínú. Roy Pettifer ti wà níbẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ó fi òróró pa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì, alùpùpù rẹ̀ sì ń dán bí àwo ọjọ́ Kérésì.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá," ó ní. "Ṣé ẹ ti gbé kẹ́tùlù yín dé? Mo ti mú ṣúgà wá."

"Máa lá ṣúgà rẹ ná, ọmọ," Àǹtí Mavis dá a lóhùn. "Bó bá hó, wàá gbọ́."

Ó bọ́ kóòtù, ó kó báàgì lé mi lọ́wọ́, ó tì í. Pọ̀, pọ̀, pọ̀, gbàà! Kẹ́tùlù tàn. Bọ̀dá Clem gùn ún lọ sídìí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Roy. Ọ̀gbẹ́ni Sharman tó ń darí eré nawọ́ sí ọ̀pó iná. Ìyeyè. Ìyeyè. Ewé.

Roy fò lọ bí ẹni tí agbọ́n ta nídìí. Bọ̀dá Clem jókòó. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Sharman ń fò sókè sódò, "Tebbutt! Lọ! Ṣé o ò ríran ni?" ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn rẹ̀ mì. Àǹtí Mavis di ojú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí súfèé dúró lójú kan, Bọ̀dá Clem sì lọ, ó lọ lálọ tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà fi wólẹ̀. Ṣùgbọ́n Roy ti kọjá òpin, ó ti ń tú okùn akoto rẹ̀.

Ẹ wá wo Bọ̀dá Clem bó ṣe ń bọ̀. Eyín rẹ̀ funfun nínú ojú tó kún fún epo.

"Mavis! Mọ́kànlá géérégé! Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá! Kí ni tọmọ yẹn?"

"Méjìlá," ni mo sọ.

"Mo nà án nìyẹn!"

Gbogbo wa ń wo bàtà wa. Àǹtí Mavis ló gbà á sọ. "Clem, ìwọ lo yára jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òun ló borí."

"Báwo?"

"Ó ti débẹ̀ kí o tó dé."

"Ó tètè lọ ni!"

"Iná ti tàn, Clem."

"Mo rí i pé ó tàn. Èmi ni mi ò tíì ṣetán."

Ó bá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Sharman. "Sharman, ṣé aago rẹ ń parọ́ ni?"

"Aago ò parọ́. Iná la fi ń mọ̀ ọ́n báyìí."

"Iná yẹn, ṣé ó mọ ẹ́ńjìnnì mi?"

Sharman ṣí fìlà, ó họ orí. "Iná ò mọ ẹnikẹ́ni, pẹ́pẹ́yẹ mi. Ohun tó dáa lára rẹ̀ nìyẹn."

Roy ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀ọ́kán: "Bàbá, ṣé oorun gbé yín lọ ni? Ẹ bá ti sọ, n bá gbé ìrọ̀rí wá fún yín!"

A jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ oníbúrẹ́dì. Àǹtí Mavis gé páì ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bí mo bá ń wo iná, mi ò ní gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mi ò ní rí iná. Orí kan ṣoṣo ni mo ní, Mavis."

Àǹtí Mavis jẹ páì rẹ̀ tán ná. "Ṣé ìdí ìlà nìkan ni Kẹ́tùlù ti ń sọ̀rọ̀ ni? Èmi, bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ni mo ti ń wo dígí. N kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí n máa ya irun, kí àlùfáà máa wò mí. Ìwọ àti Kẹ́tùlù, ẹ lọ húkọ́ yín lẹ́yìn ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìdí ìlà, kó jẹ́ pé ẹ ti bá ara yín sọ̀rọ̀ tán."

Bọ̀dá Clem ronú. Tíì rẹ̀ tutù. "Ó bọ́gbọ́n mu," ó ní. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo ti wà lẹ́yìn mi, o ò sọ."

"O ò béèrè."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lọ́nà àwọn àgùntàn, ló ti jókòó sórí Kẹ́tùlù, tó dẹ orí, tó tẹ́tí. Roy wà nídìí ìlà, ó ń ké pé kí wọ́n bá òun pe bàbá náà. Nígbà tí Bọ̀dá Clem dé, kò tẹ́tí mọ́, kò fọwọ́ kan awò. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀pó. Ewé tàn, àwọn méjèèjì gbéra, ká tó ṣẹ́jú Kẹ́tùlù ti fi Roy sẹ́yìn pátápátá. Mo dì mọ́ ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Títí di òní n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Roy padà wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kí lẹ fi sínú ẹ́ńjìnnì yẹn?"

"Ṣúgà rẹ ni," Àǹtí Mavis ní.

Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ó yẹ kí n ti fura. Bọ̀dá Clem ti dé akoto rẹ̀ mọ́rí kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láyé: "Kí ló ń dá wọn dúró gan-an?" Adùn kíkánjú ti kan ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbọ́ ti Kẹ́tùlù tán lẹ́yìn, ó gùn ún wá sídìí ìlà. Ìyeyè. Ìyeyè. Bọ̀dá Clem sì ti lọ!

Pupa tàn lọ́nà tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti tàn, kò rí i. Ó sá eré tí kò sá irú rẹ̀ rí, aago ka mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Roy kò tilẹ̀ gbìyànjú, ó kàn rọra gùn tirẹ̀ dé òpin bí ẹni tó ń lọ ra ìwé ìròyìn. Ó ti borí.

Bọ̀dá Clem ń bọ̀, ó na ọwọ́ kan sókè. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ fún un. Àǹtí Mavis lọ pàdé rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo tẹ̀lé e tòun ti báàgì.

"Mẹ́wàá, Mavis! Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. O lọ kí iná tó tàn, Clem."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Èmi?"

"Ìwọ."

"Mo tètè lọ?"

"O tètè lọ."

Ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀pó iná náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Mavis, mi ò tètè lọ sí ibì kankan rí."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín gbé Àǹtí Mavis. Ó di ìjókòó alùpùpù mú kí ó má baà ṣubú. "Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fi mí jókòó sí pálọ̀ bàbá mi! Ọdún mẹ́sàn-án! Ó wá di òní kó tó mọ̀ pé àwọn kan ń kánjú láyé!" Bọ̀dá Clem náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ejìká rẹ̀ ń mì. Ó bọ́ awò ojú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo dúró tì wọ́n, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló ń nù.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kò wọ inú ahéré rẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń bu omi sí tòmátì rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí Roy Pettifer tó ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń ka nọ́ńbà ara ilé. Kò fi òróró pa irun. N kò lọ síbì kankan, mo dúró sẹ́yìn ọgbà mi, mo ń tú koríko tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má bínú. Ọ̀gbẹ́ni Tebbutt. Méjìlá ni tèmi, kò kúrò ní méjìlá láti oṣù mẹ́ta. Bí mo bá gbé e lọ bá àwọn ará Amẹ́ríkà, mo fẹ́ lọ ṣe ara mi ní yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, èmi ò gbọ́ ọ. Ariwo lásán ni mò ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dúró nídìí ìlà."

Bọ̀dá Clem wo tòmátì. "Màá rò ó wò."

"CLEMENT TEBBUTT!" Ohùn náà ti fèrèsé ilé ìdáná jáde, àwo sì fọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti rò ó," ni Bọ̀dá Clem sọ.

Bó ṣe wọ inú okùn nìyẹn. Lóṣù Kẹsàn-án, ẹ̀yìn okùn ni èmi àti Àǹtí Mavis wà láàárín èrò, òun wà nídìí ìlà nínú kóòtù iṣẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀. Ó fi ọwọ́ lé Roy léjìká, ó dẹ orí sí ẹ́ńjìnnì. Roy kò mira. Nígbà tí Bọ̀dá Clem gbé ọwọ́ kúrò, Roy lọ sídìí ìlà, iná tàn, ó sì sá mọ́kànlá ó lé díẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ará Amẹ́ríkà tó bá a sá a ti dé òpin tipẹ́, bí ẹni pé Roy dúró ra tíì lọ́nà. Bí àwọn ẹ̀rọ yẹn bá ké, inú àyà rẹ ni wàá ti gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Mo rí ìyá àgbà kan tó fi ọwọ́ di eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mú.

Ọ̀kan lára àwọn àlejò náà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó dé fìlà koríko, rí Bọ̀dá Clem níbi tó ti dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, tó ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ àlejò náà. Ó ju ọwọ́ sí i pé kó sún mọ́ òun. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó ṣì gbóná. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ tó ìdajì wákàtí. Àǹtí Mavis ní òun mọ̀ dájú pé kò sí èyí tó gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ nínú wọn.

A délé, Àǹtí Mavis gbé oúnjẹ kalẹ̀, páì, ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà tútù, ó ní kí gbogbo wa lọ fọwọ́. Bọ̀dá Clem kò dìde. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì ará Amẹ́ríkà lé orí tábìlì, ó gbé e síbẹ̀ bí ohun ẹlẹgẹ́, ó sì fi ọwọ́ òsì mú fọ́ọ̀kì. Ẹ̀wà ń jábọ́ sórí aṣọ tábìlì, ó ń yí lọ sílẹ̀. Àǹtí Mavis wo ọwọ́ náà, ó wo aṣọ tábìlì rẹ̀ tó funfun. Ó fa àwo ọkọ rẹ̀ sọ́dọ̀, ó bá a gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.